Ẹ̀rọ Àwòrán Tí Wọ́n Dán Wò Nínú Yàrá

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà síbí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi àwòrán han èrò níbi ìnáwó. Ìwọ náà ti rí irú rẹ̀: wọ́n á ta aṣọ funfun, wọ́n á gbé purojẹ́kítọ̀ síwájú rẹ̀, àwòrán ọlọ́jọ́ ìbí á sì máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí kò tíì léyín títí dé ìgbà tí kò léyín mọ́.

Ìyá àgbà kan tó fẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún ránṣẹ́ sí i. Ojú ìyá náà ti di bàìbàì. Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò sì rí i mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, tí o bá lè sọ ọkọ mi di ńlá, kí n tún rí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò wá nǹkan mìíràn lọ́jọ́ ìbí mi."

Ọkùnrin yìí lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹni tó ń tà á bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ó ti lò ó? Aago mélòó?"

Ó ní ìmọ́lẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń jẹ́. Ó mú ọ̀kan tó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó, tí bọ́tìnnì orí rìmóòtù rẹ̀ ju eyín ẹnu lọ. Ó gbé e délé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó fa kọ́tìnì, ó tàn án. Àwòrán hàn kedere lára ògiri. Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Òun náà pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Aago méjìlá ọ̀sán ni, lábẹ́ àtíbàbà funfun, oòrùn sì ń ràn bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ọkùnrin wa tan ẹ̀rọ. Aṣọ funfun wà ní funfun. Ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì tán, kò sí àwòrán kankan.

"Ta ló sá aṣọ síbí?" ni obìnrin kan wí. "Ẹ ká a, ó ti gbẹ."

"Ẹ ní sùúrù," ni bàbá kan dáhùn, "àwọn tó ti kú ló ń fi hàn. Àwa alààyè ò lè rí wọn."

Èrò rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ló ń wò: ìyá na ọrùn síwájú, ó ń nu ojú, ó rò pé ojú òun ló fà á. Ni ọkùnrin náà bá dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, kì í ṣe ojú yín. Èmi ni. Inú òkùnkùn yàrá mi ni mo ti dán an wò."

Ìyá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé yàrá ló mọ̀? Gbé e wá sí yàrá tèmi."

Wọ́n gbé e wọlé. Ìyá tú ìborùn èjìká rẹ̀, ó fi dí fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ yọ lára ògiri, láti ilẹ̀ dé àjà. Ìyá sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa ògiri.

"Bàbá Wúràọlá! Ẹ̀yin rèé! Imú yín ò sì tíì kéré!"

Èrò ń wọlé ní mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì àti lórí àpótí, àwọn tó wà níta ń kan ilẹ̀kùn pé ó ti kan àwọn. Ìyá ò jáde títí ìrẹsì fi tutù.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà padà lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ. Kò wo bọ́tìnnì mọ́. Ó ní, "Tan èyí tó lágbára jù fún mi níta, nínú oòrùn."

Àbúrò mi, wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, o sì ti ń sọ fún gbogbo ayé pé o ní sùúrù. Ìwọ nìkan lo ń gbé ilé rẹ. Adìẹ gan-an o ò sìn. Ta ló ti tẹ ẹsẹ̀ rẹ mọ́lẹ̀ rí? Kọ́tìnì lo fà, tí o ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ. Jáde ná. Lọ la àwọn tó ń jà sí omi nídìí kànga, ní aago méjìlá ọ̀sán. Bí sùúrù rẹ bá hàn níbẹ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ dìbò fún ọ. Bí kò bá sì hàn, má purọ́ fún wa. Dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin yẹn, kí o jẹ́wọ́. A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì wá yàrá fún ọ.