Ìyàwó Tuntun Inú Dígí

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Láoyè ti gbọ́ òwe yìí títí ó fi ń hewú, kò mọ̀ pé inú pálọ̀ òun ni yóò ti ṣẹ mọ́ òun lára.

Àpótí dígí kékeré kan wà níbẹ̀, omi iyọ̀ àti òkúta òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja mẹ́rin tí wọ́n sìn láti kékeré. Bí wọ́n bá ti rí ọwọ́ Mórẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀, wọn a sáré wá gba oúnjẹ.

Ọjọ́ tí tọkọtaya náà lọ ra òmíràn kún un, ojú Láoyè lọ sára ẹja aláwọ̀ aró kan.

"Àwọ̀n ló wọ́ ọ jáde lókun láàárọ̀ àná," ni ọlọ́jà wí. Ó fún un lóúnjẹ. Ẹja kọ ẹ̀yìn sí i.

"Bàbá Tọ́míwá, ẹ jẹ́ ká mú èyí tí wọ́n sìn," ni Mórẹ́nikẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Eléyìí kò jẹun."

Láoyè bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tuntun wo ló ń jẹun níṣojú ẹbí ọkọ? Ojú ló ń tì í."

Ọ̀sẹ̀ kò yí po. Láoyè jí lówùúrọ̀, ó wo dígí, ó figbe ta: "Yéè! Mo gbé!" Gbogbo ẹja ti yíkùn sókè, àmì funfun bò wọ́n bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí wọn lára. Àrùn tí àlejò gbé wá láti òkun ni. Láoyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mórẹ́nikẹ́ ti ọwọ́ bọ omi. Ẹnikẹ́ni kò wá gba oúnjẹ.

"Bàbá Tọ́míwá," ó ní, "ìyàwó yín tójú ń tì ti pa ilé ọkọ run."