Ọjọ́ Tí Ẹyọ Kan Ṣoṣo Lanu

Ohun tó ń dun Ọ̀jẹ́wùmí kì í ṣe àìríṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ẹdẹ ni, kọ̀ǹpútà ló fi ń to orin, kò sì tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Bí onífújì bá kanlẹ̀kùn, yóò to ti fújì fún un. Bí ìjọ bá fẹ́ orin ìyìn, ó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà lórí ìlù, àwọn tó fẹ́ ijó ilẹ̀ òkèèrè, àwọn olóṣèlú tó fẹ́ kí a fi orúkọ wọn kọrin, kò lé ẹnì kankan. Gbogbo rẹ̀ ló ń dára níwọ̀n, kò sì sí èyí tó mú kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà di egbò níbi ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò wọn. Orin mẹ́ta tẹ̀ léra wọn lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Ọ̀jẹ́wùmí ló to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó jókòó tì í, wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ni bàbá náà, ẹni tí ó lè wo àga lókèèrè kí ó dárúkọ ẹni tó kàn án. Nígbà tí wọ́n délé, ó pe ọmọ rẹ̀. Láti kékeré, a kì í pe Ọ̀jẹ́wùmí lẹ́ẹ̀kan kí ó dáhùn. Ìgbà kẹta ló máa ń dáni lóhùn, tí yóò sì rọra máa bọ̀ bí ẹni pé ìlú ń dúró dè é. Lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ìgbà kẹta ló dáhùn.

Bàbá ní, "Orin mẹ́ta, ọwọ́ mẹ́ta. Èwo ni ìwọ nínú wọn?"

Ọ̀jẹ́wùmí bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un, bàbá nawọ́ dá a dúró.

"Ó dáa. Mo fún ọ di ọdún Ọbàtálá tó ń bọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo nílùú yìí bá gbọ́ orin, tó sì mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é kí a tó sọ fún un, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Bí kò bá sí, palẹ̀ ẹ̀rọ yẹn mọ́, kí o wá kọ́ bí a ṣe ń rẹ́ pákó."

Ẹ̀rù ba Ọ̀jẹ́wùmí, nítorí bàbá rẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ kí ó tún kó o jẹ. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gbọ́lágadé dání, tí iṣẹ́ kan náà pa wọ́n pọ̀, tí ìyọnu kan náà sì ń bá wọn fínra, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Ìyá Efúnlọlá lọ. Olórìṣà ni ìyá yìí. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ló fi ń bi òrìṣà léèrè, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga, àmọ́ ohun tó bá sọ kì í bọ́ sílẹ̀.

Ó da ẹyọ sórí àtẹ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló lanu sókè. Gbogbo àwọn yòókù dojú bolẹ̀. Ọ̀kànràn ni wọ́n ń pe odù yẹn. Ìyá wò ó títí, ó ní:

Atọ́-gbogbo-ọbẹ̀-wò kò mọ èyí tó jinná,
Ajókòó-ti-ìkòkò-kan ló mọ ìgbà tó hó,
Àwọn ló dá fún Ọlọ́pọ̀-ohùn
Ní ọjọ́ tí ó ń sunkún pé ayé kò mọ ohùn òun.

Lẹ́yìn náà ló bi Ọ̀jẹ́wùmí pé, "Ọmọ mi, èwo lo máa ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán ọ níṣẹ́?"

Ojú ti Ọ̀jẹ́wùmí díẹ̀. Ó ní, "Ìyá, orin ijó kan báyìí ni, tí kò ní akọrin. Ohùn ilẹ̀ rẹ̀ ló wúwo. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè rẹ̀."

"Òun lẹyọ tó lanu."

"Ṣé kí n wá sọ àwọn yòókù nù ni?"

Ìyá nawọ́ sí àtẹ. "Àwọn tó dojú bolẹ̀ yìí, ṣé mo sọ wọ́n nù? Gbogbo wọn ṣì wà níbí. Wọ́n dákẹ́ kí a lè gbọ́ ọ̀kan ni. Ọjọ́ tí ọ̀kan yìí bá mọ orúkọ rẹ, àwọn yòókù á máa bọ̀ wá kí ọ."

Gbọ́lágadé kò lè pa á mọ́ra. "Ìyá, ẹ má bínú o. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dé ọjà, ọ̀kan ló ń gbà nínú wọn."

Ó da ẹyọ fún òun náà, ọ̀kan yẹn náà ló tún lanu. Ìyá bi í léèrè bó ṣe bi Ọ̀jẹ́wùmí. Gbọ́lágadé ní gbogbo rẹ̀ lòun ń ṣe, gbogbo rẹ̀ lòun sì mọ̀. Ìyá kò bá a jiyàn. Ó ka ẹbọ fún àwọn méjèèjì: ẹyẹlé funfun, òrí àti obì. Ó ní ìyẹn rọrùn. Apá tó kù ni ẹbọ gan-an. Títí ọdún Ọbàtálá yóò fi dé, ẹnikẹ́ni tó bá wá gbé iṣẹ́ mìíràn fún wọn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù, kí wọ́n sì fi ẹnu rere fà á lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Gbọ́lágadé bú sẹ́rìn-ín. "Kí n fọwọ́ ara mi mú oníbàárà lọ fún abánidíje mi? Ìyá yìí ti darúgbó jù."

Ọ̀jẹ́wùmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ra ẹyẹlé, òrí àti obì, ó gbé wọn lọ fún ìyá. Kò pẹ́ tí onífújì kan fi kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ó wọ bàtà, ó sì ṣíwájú ọkùnrin náà lọ sí sitúdíò Ọ̀gá Rábíù, ẹni tó mọ fújì tò jù nílùú. Kò tíì kí Rábíù rí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìlara ni. Ó dọ̀bálẹ̀.

Rábíù wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kí lo wá gbà níbí?"

"N ò wá gba nǹkan kan, sà. Iṣẹ́ fújì ni ọ̀gá yìí fẹ́ ṣe. Ọwọ́ yín ló mọ̀ ọ́n jù."

Ó dùn ún dé egungun. Nígbà tó ń padà lọ sílé, omijé ń bọ̀, ó ń nù ún. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìjọ, ó ṣe é fún àwọn olóṣèlú, ó ṣe é títí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fi dá páropáro. Kí èèyàn fi ohun tó ń wá sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ báyìí, ó gba ọkàn ńlá, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìyìn rẹ̀. Gbọ́lágadé ní tirẹ̀ ń dúró ní ìkóríta, ó ń gba iṣẹ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Nínú yàrá tó pa rọ́rọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló kù fún Ọ̀jẹ́wùmí láti ṣe. Ó to orin ijó rẹ̀, ó tú u, ó tún un tò. Díẹ̀díẹ̀, ó yé e pé báàsì, ohùn ilẹ̀ tó wúwo yẹn, kò gbọdọ̀ tètè wọlé. Agogo kékeré kan yóò ké, báàsì yóò dákẹ́. Agogo yóò tún ké, kò ní dá a lóhùn. Ìgbà kẹta, tí ara ẹni tó ń gbọ́ ò bá gbà á mọ́, ni báàsì yóò rọra gbẹ́sẹ̀ wọlé, ilẹ̀ yóò sì mì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó jó nìkan.

Ọ̀gá Rábíù kò gbàgbé. Nígbà tí obìnrin kan tó ní ẹgbẹ́ oníjó dé láti Ìbàdàn, tó ń wá orin tí kò ní akọrin, Rábíù ní, "Ìyẹn kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọmọ kan wà ládùúgbò kejì, òun lẹ ń wá." Àwọn mìíràn tí Ọ̀jẹ́wùmí ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún náà ń wí bákan náà. Ẹnu wọn ló gbé e kiri, orin náà sì wọ inú fóònù, ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó wọ gáréèjì.

Ní ti Gbọ́lágadé, ìlù kan ṣoṣo ló ń pààrọ̀ aṣọ fún gbogbo oníbàárà, ìkánjú kò sì jẹ́ kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tí wọ́n ti ń ṣí ìjọ kan, sáàmù dùn, àwọn ìyá ìjọ ń mi orí. Bí sáàmù ti parí báyìí, ohùn onífújì kan tí Gbọ́lágadé gbàgbé sábẹ́ rẹ̀ jáde: "Ẹ gbé ìgò tútù wá o!" Pásítọ̀ wo àjà. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti ń sá fún un. Ó sunkún lọ bá Ọ̀jẹ́wùmí pé kí ó rán oníbàárà sí òun.

Ọ̀jẹ́wùmí ní, "Tọkàntọkàn ni. Irú èwo ni kí n máa rán sí ọ?"

Gbọ́lágadé la ẹnu. Kò rí ọ̀kan dárúkọ. Ìgbà yẹn ló tó kábàámọ̀ ẹ̀rín tó rín lẹ́nu ọ̀nà ìyá. Báyìí ni ẹni tó rú ẹbọ ṣe rí ire, tí ẹni tó fi í ṣẹ̀sín sì fi àbámọ̀ ṣe tirẹ̀.

Ọdún Ọbàtálá ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Bàbá káfíńtà wà nídìí iṣẹ́, kò tíì gbọ́ orin náà rí, nítorí ẹ̀rọ tí a ń fi bọ etí ni ọmọ fi ń gbọ́ ọ nílé. Ọkùnrin kan tó ń fi ọmọlanke polówó oògùn kọjá lójú pópó, orin ń dún níwájú ọmọlanke. Agogo ké, báàsì dákẹ́. Agogo tún ké. Bàbá dá ayùn dúró. Nígbà tí báàsì rọra wọlé ní ìgbà kẹta, ó bi olóògùn pé ta ló ṣe orin yìí. Olóògùn ní òun kò mọ̀.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Bí ọmọ mi ṣe máa ń dáni lóhùn láti kékeré nìyẹn."

Ó kọjú sí ilé, ó pariwo, "Ọ̀jẹ́wùmí!" Kò sí èsì. Ó tún pè é. Kò sí èsì. Kò pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó jókòó lórí pákó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí báàsì wọlé.