Ọ̀gá Ọkọ̀ Tó Ń Yà Díẹ̀díẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ epo ńlá ló ń wà, ó sì mọ̀ ọ́n wà. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó tíì rí i kó yà fún ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, ó ń gba ojú òkun kan tí ọkọ̀ ti pọ̀ bí oríta ọjọ́ ọjà. Òfin ló ń kó gbogbo wọn yọ níbẹ̀, òfin náà kò sì le. Bí o bá rí ọkọ̀ tó ń dábùú ọ̀nà rẹ láti ọwọ́ ọ̀tún, òun ló ni ọ̀nà. Ìwọ ni kí o yà, kí o gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Òun ní tirẹ̀ yóò máa lọ bó ṣe ń lọ, kí o lè mọ ibi tí yóò wà. Òfin tún fi kún un pé kí o tètè yà, kí o sì yà débi tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì yóò fi rí i pé o ti yà.

Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kékeré kan yọ láti ọwọ́ ọ̀tún, ara rẹ̀ ti dógùn-ún. Ọ̀gá wa wò ó, ó yínmú. Ó mọ̀ pé òun ló yẹ kí òun yà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tirẹ̀ bá yí orí padà gbàǹgbà nítorí irú èyí, gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ni yóò rí i. Ó sọ fún ẹni tó di ìdarí mú pé kó yà díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní kó tún fi díẹ̀ sí i. Bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ aláìsàn ló ṣe ń yà.

Igbákejì rẹ̀ tó dúró tì í sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yà dáadáa. Wọn ò tíì mọ̀ pé a ti yà fún wọn."

"Ṣé o ò rí i pé mo ti yà ni?"

"Èmi rí i, sà. Àwọn ni mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rí i."

"Ẹ̀yìn wọn la máa gbà kọjá. Gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Nínú ọkọ̀ kékeré, ọ̀gá tibẹ̀ náà ń wò. Ó wò títí, kò rí àyípadà kankan. Ó fọn fèrè, síbẹ̀ iwájú ọkọ̀ ńlá náà ṣì kọ sí i. Ẹ̀rù bà á nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀. Òun tó ni ọ̀nà ló wá pinnu láti dúró, kí ẹni tí kò fẹ́ yà lè kọjá níwájú òun. Ó dá ẹ́ńjìnnì padà sẹ́yìn, ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ibi tó dúró sí gan-an ni ọ̀gá wa ti fẹ́ gbà kọjá.

Ọkọ̀ ńlá gbá a ní ìdí, níbi tí ilé ìdáná wọn wà. Alásè wọn wà níbẹ̀ tó ń se oúnjẹ ọ̀sán, kò sì jáde mọ́. Àánú ọkùnrin yẹn ṣe mí ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí kò sí ohun tó kàn án nínú ta ló yẹ kó yà.

Níwájú àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà, ọ̀gá wa ní òun yà. Wọ́n wádìí, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n bi ọ̀gá ọkọ̀ kékeré bóyá ó rí i. Ó ní, "Mi ò rí i, sà. Ká ní mo rí i ni, kí ni mo fẹ́ dúró fún?" Adájọ́ kọjú sí ọ̀gá wa. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé o yà. Ta lo wá yà fún?" Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, ó ṣì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun yà.

Àjàdí, láti àárọ̀ ni ìwọ náà ti ń sọ fún mi pé o ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ. O já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀, o sì pè é ní òpè. O mọ̀ pé o jẹ̀bi. Báwo lo ṣe wá bẹ̀ ẹ́? O ní o fi iṣu ránṣẹ́, ṣùgbọ́n o kò fi ọ̀rọ̀ kankan tì í. O ní o rọra tẹrí ba nígbà tí ẹ pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. O ní o ti dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn rẹ. Irọ́ kọ́ lo ń pa, mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀gbọ́n rẹ kò sì rí ọkàn rẹ. Òun tí o ṣẹ̀ ló ń sá fún ọ báyìí. Kò wá sí ìpàdé ẹbí mọ́, ó sì ti ń wá ilé tí yóò kó lọ. Bó bá kó lọ, àwọn ọmọ yín yóò di àjèjì sí ara wọn, wọn kò sì mọ nǹkan kan nípa ìjà yín.

Lọ bá a lọ́sàn-án, nígbà tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé. Bí àwọn àna náà bá lè wá, kí o pè wọ́n. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí àyà rẹ kan ilẹ̀. Bó bá ní kí o dìde, má tíì dìde.