Lẹ́tà Tó Pe Ìyá Wá Gba Bàtà

Ọkùnrin kan wà nílùú wa lọ́hùn-ún tó ń ta ohun èlò ọmọ ọwọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n kò sí aláboyún kan ládùúgbò tí kì í yà síbẹ̀ kí ó tó bímọ. Obìnrin àgbàlagbà kan tó jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ ló ń fà wọ́n mọ́ra. Obìnrin yìí ní ìwé orúkọ oníbàárà nínú kọ̀ǹpútà, kò sì fi í ṣeré rárá. Bí ẹnì kan bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá bímọ, ọjọ́ ìkómọ gan-an ló ń wọ orúkọ ọmọ sínú ìwé, nítorí láti ọjọ́ náà lọ, ta ló tún ń pe ìyá ọmọ lórúkọ? Ìyá Lágbájá ló dà nìyẹn.

Ọ̀gá yìí wá fẹ́ áàpù tí yóò máa bá a kọ ímeèlì sí àwọn oníbàárà. Ohun tó dáa ni, n kò bá a jà. Ọwọ́ akọ̀wé kan ò lè kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn. Áàpù méjì ni wọ́n gbé wá fún un. Èkíní kò fani mọ́ra. Lẹ́tà rẹ̀ gbẹ bí ìwé ìkìlọ̀ káńsù. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́, yóò kọ́kọ́ wo ìwé akọ̀wé, yóò wo ohun tó yí padà níbẹ̀. Èkejì, háà! Òdòdó lọ́tùn-ún, òdòdó lósì, bàtà ọmọ tó ń jó láàárín. Èyí kì í ka ìwé ẹnikẹ́ni. Wọ́n á da orúkọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ohun tí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà ló mọ̀ títí ayé.

Akọ̀wé ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká mú èkíní. Ìwé mi ń yí padà lójoojúmọ́. Èkejì yìí ò ní mọ̀."

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ni ọ̀gá wí. "Oríire là ń kọ sí wọn. Kí ló fẹ́ yí padà lára oríire?"

Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà, ṣùgbọ́n bàtà tó ń jó ti gba ojú rẹ̀. Èkejì ló mú. Wọ́n da gbogbo orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ sínú rẹ̀.

Nínú àwọn orúkọ náà ni ti olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà, abilékọ tó fi ọdún mẹ́jọ wá ọmọ. Ó ti bí i kí áàpù tó dé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Anjọláolúwa. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Anjọlá. Bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀kan, kì í dáhùn, kí wọ́n lè tún un pè.

Ọmọ náà pé oṣù méje. Ibà dé, ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé e lọ.

O mọ àṣà wa. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Àwọn ọkùnrin ilé gbé e jáde, wọ́n lọ sin ín, kò sẹ́ni tó sọ ibẹ̀ fún ìyá. Wọ́n kó aṣọ ọmọ kúrò nílé, wọ́n kó fọ́tò. Gbogbo ẹnu tó ń pè é ní Ìyá Anjọlá padà sí oríkì rẹ̀, Àbèní. Ọpọlọ obìnrin náà ti fẹ́ dà rú. Kò jẹun, kò sùn, ó ń yẹ abẹ́ ibùsùn wò. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́ kí ó tó tún gbé ṣọ́ọ̀kì dání níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun wá látọ̀dọ̀ yín tí yóò dárúkọ ọmọ yẹn. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni."

Ọ̀gá dì í lọ́wọ́ mú. "Ó tán, àbúrò mi. Mo ṣèlérí." Ó pe akọ̀wé, akọ̀wé sì fagi lé orúkọ náà lójú ọkọ, ó kọ Àbèní sí i, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ̀wé sí i. Ọkàn ọ̀gá balẹ̀. Ó gbàgbé pé ibi méjì ni orúkọ náà wà.

Ọjọ́ tí ọmọ ìbá pé ọdún kan dé. Áàpù ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó ṣe. "Ìyá Anjọlá, ẹ kú oríire o! Anjọlá pé ọmọ ọdún kan lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kanlẹ̀. Ẹ gbé e wá ká wá wọn bàtà fún un. Ọ̀fẹ́ ni."

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, obìnrin náà wọlé. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀já ìpọnmọ wà léjìká rẹ̀. Ọ̀já yẹn ni ọ̀gá kọ́kọ́ rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dádì. Mo rí lẹ́tà yín. Mo ti mọ̀! Mo mọ̀ pé ṣe ni wọ́n gbé e pamọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó fi sàréè kankan hàn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kanlẹ̀, níbo lẹ ti rí i?"

"Ìyàwó wa, ẹ̀rọ ló kọ ọ́," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ̀rọ ò lè dá orúkọ ọmọ mi mọ̀. Ẹnì kan ló sọ fún un."

Òótọ́ ló sọ. Akọ̀wé ń sunkún. Obìnrin náà mú bàtà kékeré kan lórí pákó, ó sọ ọ́ sínú báàgì, ó jáde.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ dé ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ṣèlérí fún mi," ó sì padà.

Ọdún kẹta rèé. Obìnrin náà kò kọ́ ọmọ kankan mọ́. Ó ń kan ilẹ̀kùn kiri, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀gá ti pa áàpù yẹn rẹ́, ó ti ra èkíní tí kò lẹ́wà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bó bá rí obìnrin náà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń sá sí, yóò sì dúró síbẹ̀ títí akọ̀wé yóò fi ní ó ti kọjá.

Ìwọ náà bi mí lánàá pé áàpù wo ni kí o mú fún iṣẹ́ rẹ, o sì ń fi àwòrán mèremère hàn mí. Pa àwòrán yẹn dé. Bi ẹni tó ń tà á léèrè pé: bí akọ̀wé mi bá fagi lé orúkọ kan láàárọ̀, ṣé ẹ̀rọ yín yóò ti mọ̀ kó tó kọ lẹ́tà ọ̀sán? Bó bá ń wò sùn-ùn, dìde níbẹ̀. Má sì sọ fún mi pé aṣọ lò ń tà, pé kì í ṣe nǹkan ọmọ. Ọ̀fọ̀ kì í béèrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Lára àwọn orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ, ilé ẹnì kan ti dà rú lọ́sẹ̀ yìí. Akọ̀wé rẹ ti mọ̀ ọ́n. Lọ wò ó bóyá ẹ̀rọ rẹ náà mọ̀.