Àparò àti Ọdẹ Tó Fi Aṣọ Dá Ẹyẹ Mọ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi la koríko ọ̀dàn kọjá, ó dá lórí Àparò, abiyamọ tó sàba lórí ẹyin márùn-ún.

Ní ọdún kan, olè kan bẹ̀rẹ̀ sí í hú ẹ̀pà àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Láṣebìkan jẹ lóko. Láṣebìkan pe Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ tó ń fọ́nnu pé kò sí ẹyẹ ọ̀dàn tí òun kò dá mọ̀.

Ọdẹ dúró lójú ọ̀nà, kò tilẹ̀ wọ oko. Ó rí Àparò tó ń rìn wọ inú koríko ààlà.

"Mo ti rí i! Wo aṣọ rẹ̀ bó ti pọ́n. Aṣọ ta ni erùpẹ̀ ń bà jẹ́, bí kò ṣe ti ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀?"

Inú bí Àparò. Ó fi orin dáhùn. Ẹ bá mi gbè é:

Ọdẹ, súnmọ́ mi, wò mí re o,
— Kéèkè kéè!
Bí wọ́n ṣe dá mi nìyí, n kò gbẹ́lẹ̀,
— Kéèkè kéè!
Wo ojú ihò, wo èèpo ẹ̀pà,
— Kéèkè kéè!
Ẹyin márùn-ún ń bẹ lábẹ́ mi,
— Kéèkè kéè!

"Ẹ gbọ́ olè tó mọ orin!" Ọdẹ bú sẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀pà tún lọ. Ọdẹ dúró lójú ọ̀nà. "Aláṣọ erùpẹ̀ ni!" Àparò kọrin. Ọdẹ kò súnmọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀pà tún lọ. Àparò kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọdẹ́jìnmí yọ àdá, ó ṣán koríko ààlà, fàà, fàà, fàà! Àparò fò, fùú! Ẹyin márààrún fọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀pà tún ti lọ. Àwẹ̀ró, ìyàwó Láṣebìkan, bẹ̀rẹ̀, ó mú èèpo ẹ̀pà kan.

"Baálé mi, ojú eyín rèé. Ọdẹ àgbà, ẹ dákun, ẹyẹ wo ló ń hu eyín?"

Wọ́n tọ ipasẹ̀ tó wà lẹ́bàá èèpo náà dé ihò Òkété. Ẹ̀pà kún un dẹ́múdẹ́mú.

Ọdẹ́jìnmí lọ dọ̀bálẹ̀. "Àparò, jọ̀ọ́, n kò mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ni."

"O kò mọ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́! Ẹsẹ̀ tí kò lè rìn wá wò mí ló rìn wá pa mí lọ́mọ! Ṣé ìdọ̀bálẹ̀ rẹ yóò di òròmọ?"

Láti ọjọ́ náà, Àparò kì í tètè fò mọ́. Ó ń dúró títí ẹsẹ̀ ènìyàn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kó tó fò, tí àyà onítọ̀hún yóò sì já. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá máa dá òun lẹ́jọ́ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òun.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó wo ẹyẹ lókèèrè kò tíì rí i. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún abiyamọ pé àṣìṣe ni. Ẹni tí a pè kó wá wò, tó kọ̀, kò ṣàṣìṣe. Ìkà ló ṣe.