Ojú Tí Dídán Bò Mọ́lẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò, tó máa ń mọ ère kéékèèké tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Amọ̀ ló fi ń mọ wọ́n, ọ̀dà tí a ń fi omi pò ló sì fi ń kùn wọ́n. Lọ́dún tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé, obìnrin olùkọ́ kan fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí omi fi gbé òun náà lọ. Wọn kò rí òkú rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, wá bá ọkùnrin náà, ó ní, "Jọ̀wọ́, mọ ọmọ mi fún mi. Mi ò fẹ́ kí ojú rẹ̀ parẹ́ mọ́ mi lọ́kàn."

Ọkùnrin náà fara balẹ̀ mọ ọ́n. Ó ya ojú, ó ya imú, ó ya àpá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ère náà ń dán yanran bí ẹni tí a da epo lé lórí. Ó rò pé ọ̀dà ni kò tó, ó tún kùn ún. Ó dán sí i. Ìyá náà gbé e síta, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ọmọ mi dà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lára. Bí ìyá náà ti lọ, ó mú abẹ láti ha ọ̀dà náà kúrò. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́, bí ẹ bá ha á, ojú á bá a lọ. Ẹ ò ro ọ̀dà yẹn dénú, ohun tó ń pa dídán ti sùn sísàlẹ̀ ìgò. Ẹ fi fáníìṣì tí kì í dán kùn ún lórí. Kó fẹ́lẹ́ o."

Ó kọ́kọ́ dán an wò lára ère mìíràn. Ó kùn ún nípọn, ère náà sì funfun bí ẹni tí ẹ̀kọ bò lójú. Ẹ̀rù bà á. Ó gbọn ìgò náà títí, ó nu búrọ́ọ̀ṣì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó fi kan ère olùkọ́ náà, ó sì yọwọ́.

Wọ́n jókòó tì í. Dídán náà kú níwájú orí, ó kú lẹ́rẹ̀kẹ́. Obìnrin olùkọ́ náà sì yọ sí wọn. Ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà á dìde láìmọ̀, ó ṣí fìlà.

Nígbà tí ìyá náà padà dé, ó gbé e sún mọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwẹ̀ró. Ìwọ rèé."

Àbúrò mi, torí tìrẹ ni mo ṣe sọ ìtàn yìí. Oore tí o ń ṣe fún opó ẹ̀gbọ́n rẹ dára, mi ò ní kí o ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bí obìnrin náà bá ń kọjá, ìwọ ni wọ́n ń rí lára rẹ̀, wọn kò rí òun mọ́. Lọ́la, gbé ìrẹsì tí o máa ń fún un lọ. Kí i dáadáa, béèrè bí ó ti sùn, kí o sì máa bọ̀ nílé láìsọ fún ẹnì kankan, títí kan èmi.