Àwòrán Àjàgbé Kò Lẹ́nu

Bó ti wù kí àwòrán dára tó, kò lẹ́nu tí yóò fi pe oníbàárà. Ẹ ti lè gbọ́ òwe yìí rí, pàápàá bí ẹ bá ní ẹbí ní Ìkirè tàbí ní agbègbè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ ti máa fura pé ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ara rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, àti pé ìyàwó rẹ̀ ló jẹ ìyà rẹ̀. Ìfura yín tọ̀nà. Òwe náà kò tilẹ̀ dàgbà tó àwọn tó ń pa á. Ayé ẹ̀rọ ayélujára yìí la bí i sí.

Ọkùnrin náà ń jẹ́ Ládépò, oríkì rẹ̀ ni Àjàgbé. Onífọ́tò ni, ọmọ onífọ́tò sì ni. Iṣẹ́ kan wà tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tó tún mọ̀ ọ́n ṣe nílùú náà: fọ́tò ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti kú. Bí Táyé bá ti lọ, tó ku Kẹ́hìndé, tí ìyá wọn sì fẹ́ rí àwọn méjèèjì pọ̀, Ládépò yóò gbé Kẹ́hìndé jókòó sí apá ọ̀tún àga gígùn kan, yóò fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, yóò yà á. Lẹ́yìn náà yóò ní kó pààrọ̀ aṣọ, kó bọ́ sí apá òsì, yóò bo ìdajì kejì, yóò sì tún yà á lórí fíìmù kan náà. Bí fọ́tò bá jáde, èèyàn méjì ló jókòó. Àwọn ìyá máa ń gbé e mọ́ àyà. Iṣẹ́ tó dára ni. Ẹnikẹ́ni kò bá Ládépò jiyàn lórí ìyẹn rí, èyí sì wà lára ohun tó bà á jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ẹniọlá, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, tó ń wo ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kì í gbà wọlé. Ọmọ wọn obìnrin, Ẹniọlá, ti ṣe ìkànnì ayélujára kan fún bàbá rẹ̀ láti Àbújá. Ìkànnì náà rẹwà. Ọgọ́ta fọ́tò ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyàwó tuntun, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ládépò ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán òun dà bí kó máa ṣàlàyé oyin fún ẹni tó ń lá a lọ́wọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, rédíò kéde pé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Ìbàdàn fẹ́ pàtẹ fọ́tò ìbejì. Ẹnì kan tó ṣì mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n ń wá, tí yóò wá ṣe é lójú gbogbo ènìyàn, tí wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ẹni tó kọ́ ọ sára ògiri ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò máa wá a lórí ẹ̀rọ ayélujára títí oṣù yóò fi parí. Wọ́n sì ka nọ́ńbà fóònù kan.

Ìyá Ẹniọlá ti mú bírò kí wọ́n tó kà á tán. Orúkọ bàbá ọkọ òun lára ògiri! Bàbá tó fi ojú ara rẹ̀ ṣòfò nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí mọ́.

"Bàbá Ẹniọlá, nọ́ńbà náà rèé. Ẹ pè wọ́n."

"Èmi? Kí n pe ẹni tó ń wá mi? Ṣé o ti rí òkè tó ń sáré lọ bá ẹni tó fẹ́ gùn ún?"

"Mo ti rí òkè tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Ìkànnì mi wà níta gbangba. Wọn yóò rí mi."

"Nípa kí ni? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá nǹkan yẹn ò mọ fọ́tò wò, ọ̀rọ̀ ló ń kà. Bí èèyàn bá tẹ Ìkirè sí i báyìí, dòdò ni yóò kó jáde. Dòdò, Bàbá Ẹniọlá! Dòdò lórúkọ níbẹ̀, ẹ̀yin ò ní."

Ládépò rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé ń gbà nímọ̀ràn. Ó fi kún un pé bí ẹnikẹ́ni bá pe nọ́ńbà náà lórúkọ òun, òun kò ní lọ sí Ìbàdàn, kódà bí wọ́n bá fi ẹṣin wá gbé òun. Ó sì lọ nu kámẹ́rà rẹ̀.

Kí ni ìyá yóò ṣe? Ó pe ọmọ rẹ̀. Ẹniọlá ní ọ̀nà kan wà: kí wọ́n ṣí búlọ́ọ̀gù sára ìkànnì náà, ìyẹn abala kan tí èèyàn ti lè máa kọ̀wé nígbàkígbà, kí ẹ̀rọ lè rí nǹkan kà. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò ṣe àṣejù. Ó kọ ọ́ bí ìgbà tó ń kọ ọ́ sójú pátákó: "Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ń ya fọ́tò ìbejì tí ẹnì kejì ti kú, Ìkirè ló wà, lẹ́bàá ọ̀nà Apòmù. Páálí dúdú ló fi ń ṣe é. Ẹ mú aṣọ méjì dání." Ó kọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀. Ó kọ òmíràn nípa ìdí tí ọmọ náà kò fi gbọdọ̀ mira lórí àga, àti òmíràn nípa ohun tí à ń ṣe bí ìbejì bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin. Ó kọ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá kan pè láti Ẹdẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òmíràn pè láti Gbọ̀ngán, ó ń sunkún, ó ní òun kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Láràárọ̀ ni Ìyá Ẹniọlá ń tẹ "fọ́tò ìbejì" sórí fóònù rẹ̀, láràárọ̀ sì ni ìkànnì wọn ń gòkè, títí ó fi di pé òun ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ gbé jáde.

Ìgbà náà ni Ládépò wá ka ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ. Ó kà á látòkè dé ilẹ̀, ó padà sókè, ó tún kà á.

"Ìyá Ẹniọlá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni orúkọ mi wà nínú gbogbo èyí."

"Ẹ̀ẹ̀mejì tó. Ṣé ẹ fẹ́ díje fún gómìnà ni?"

"Páálí dúdú ló gba iyì tán! Oríkì la fi ń mọ èèyàn. Ta ló ń fi ẹ̀bá ọ̀nà Apòmù júwe àgbà?"

"Ẹni tó bá ti mọ̀ yín ló mọ oríkì yín. Àlejò tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, níbo ni yóò ti gbọ́ Àjàgbé kó tó tẹ̀ ẹ́?"

Ó padà lọ nu kámẹ́rà rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, tí ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó pa ìwé márààrún rẹ́, ó fi ọ̀kan ṣoṣo rọ́pò wọn: "Àjàgbé, ojú tó ń rí ohun tójú ò rí! Ọkọ kámẹ́rà! Ọmọ ayàwòrán ọba má gbọ̀n lọ́wọ́! Ẹni tí òòrùn ń dúró dè kó tó wọ̀!" Ó gùn ju ìwàásù ọjọ́ ìsinmi lọ. Kò sí Ìkirè níbẹ̀, kò sí ìbejì, kò sí nọ́ńbà. Ó sì yí ọ̀rọ̀ ìwọlé ìkànnì náà, ìyẹn àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i, padà kí ẹnikẹ́ni má baà bà á jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni obìnrin náà fi bẹ̀ ẹ́ kó dá ìwé márààrún náà padà. Ó bẹ̀ ẹ́ nídìí oúnjẹ, ó bẹ̀ ẹ́ lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó tilẹ̀ pè é ní Àjàgbé, bóyá inú rẹ̀ yóò yọ́. "Wọn yóò rí mi" ni èsì tó ń gbà. Oṣù parí.

Rédíò kéde pé ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìwó ni wọ́n mú. Ọdún mẹ́ta péré ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ládépò gbọ́ ọ láti orí àga rẹ̀. Ìyá Ẹniọlá mú nọ́ńbà tó ti kọ pamọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí ohùn fóònù náà jáde síta kí ọkọ rẹ̀ lè máa gbọ́. Ó ní láti ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ìbejì ní Ìkirè lòun ti ń pè.

"Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé nípa páálí dúdú yẹn?" ni ọmọbìnrin tó gbé e béèrè. "Háà, màmá! Ẹ̀yin la kọ́kọ́ yàn. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n la fẹ́ fi ìwé yín han ọ̀gá wa, ká sì pè yín, a ò rí i mọ́. Nọ́ńbà yín ti bá a lọ. Ẹnì kan tó ń kí ara rẹ̀ la bá níbẹ̀. A ò mọ ìlú tó wà, a ò sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe."

"Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán wà níbẹ̀!" Ládépò ké láti orí àga. "Ọgọ́ta! Ṣé wọn ò rí bí wọ́n ṣe dára tó ni?"

Ìyá Ẹniọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n dára, wọ́n dára! Bó ti wù kí àwòrán dára tó, Bàbá Ẹniọlá, kò lẹ́nu tí yóò fi pe oníbàárà. Mo wá ẹnu fún un, ẹ gbà á, ẹ fi kí ara yín."

Ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù wọn gbọ́ ọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti gbé e dé Apòmù, wọ́n sì ti gé ìdajì tó korò jùlọ kúrò lára rẹ̀, bí a ti ń ṣe sí ọ̀rọ̀ kó tó di òwe.

Ìyẹn ni wọ́n fi ń wí pé, bó ti wù kí àwòrán dára tó, kò lẹ́nu tí yóò fi pe oníbàárà. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó mọṣẹ́ ṣùgbọ́n tó jókòó sílé, tó ń retí kí ayé wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n sì máa ń pa á fún ẹni tí wọ́n ní kó sọ ohun tó ń tà, tó wá ń sọ irú ẹni tóun jẹ́. Ìyá Ẹniọlá gba ọ̀rọ̀ ìwọlé náà padà, ó tún ìwé rẹ̀ kọ, iṣẹ́ sì ń wọlé dáadáa. Ìyá mẹ́tàlá ló ti gbọ̀nà jíjìn wá láti ìgbà náà, gbogbo wọn ló sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ Ládépò bóyá ìyáàfin tó ń ya ìbejì wà nílé.